Yí I Díẹ̀

Òjò ń kọ lu páànù ní Odòjọmù.
Bọ̀ọ̀dá Akínrìnmádé to òrùka irin sórí àpò:
èyí tó ń fún èèpo ọta mọ́ra,
èyí tó ń la ẹnu rẹ̀,
èyí tó ń pa á dé.
"Tuntun yìí dán, àmọ́ kò mọ ìbọn wa."
Ó mú ògbólógbòó,
tí bàbá wa fi kútẹ́ẹ̀sì ìyá wa sàmì sí.

Ó yí i. Ó tẹ́tí. Ó dá a padà díẹ̀,
bí ẹni ń wá Àkúrẹ́ lórí rédíò lóru.

Ọta àkọ́kọ́ jáde, ó wọ́ ní ìbàdí.
Kò bínú. Ó jù ú sínú agolo mílíìkì.

"Ìwọ náà, gbìyànjú."
Irin náà tutù.
N kò tíì mọ ibi tí à ń dúró.