Tábìlì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Lọ́dún tí wọ́n fa àsíá tuntun sókè,
Tíṣà Olúpitan gbé ìwé òfin wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi
l'Ómù-Àrán, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀tùn.
Ó gbá èérún igi kúrò lórí pẹpẹ,
ó tẹ́ ìwé náà bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò:
"Láwàní, orílẹ̀-èdè wa rèé."

Bàbá mi kò mọ̀wé. Pákó ló ń kà.
"Ka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi. Kì í ṣe ẹsẹ ìwé o,
ẹsẹ̀ tó fi dúró ni mò ń bèèrè."
"Mẹ́ta ni. Àríwá, Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn."
"Èwo ló gùn jù?"
Tíṣà wúkọ́.
"Èyí tí àwa wà lábẹ́ rẹ̀.
Bí a bá so méjì yòókù pọ̀, wọn ò tó o."

Ó tún yára fòwe gbára:
"Ààrò mẹ́ta kì í sáà da ọbẹ̀ nù."
"Bí wọ́n bá dọ́gba ni."
Bàbá mi bu omi sínú àwo tánganran,
ó gbé e ka orí àpótí kan tó fì.
Omi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Ó kọrí síbì kan, ó ń lọ.

"Ta ló ń di àárín mú?"
"Ìjọba àpapọ̀."
"Kí ló fi ń dì í?"
Tíṣà ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn,
sìgá rẹ̀ jó dé èékánná.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, èmi ni mo di ìkòkò gúlúù mú.
Mo gbọ́ tó ní ìṣó ni wọ́n fi kàn án látòkè délẹ̀,
pé ojú kan ṣoṣo ni sukúrúù wà,
ẹsẹ̀ gígùn ló sì di irinṣẹ́ tó ń tú u lọ́wọ́.

Àwa Ìgbómìnà, àwa tí ogbó mọ̀nà,
ogbó wa ò mọ ibi tí wọ́n gbà fa ìlà yìí.
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi l'Ọ́tùn bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ kan,
àwa bọ́ sábẹ́ òmíràn,
bẹ́ẹ̀ òkú kan náà là ń sin.

"Wọn ò níkà nínú," bàbá mi ní.
"Igi tútù ni wọ́n kàn, ìkánjú ni.
Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí ẹ̀."

Tábìlì tí òun náà kọ́kọ́ kàn láyé rẹ̀
wà nílé ìdáná ìyá mi, ó ń mì.
Ìyá mi ò sọ ọ́ nù, kò sì yìn ín;
ó ká bébà, ó fi há ẹsẹ̀ tó kúrú.
Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìbọn lórí rédíò
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa bébà náà yọ.
Ìwé Tíṣà ni.
Eku ti jẹ ojú ewé àárín.

Mo ká a padà, mo tì í sábẹ́ ẹsẹ̀.
Ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.