Kọ Ohun Tí O Rí

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Wínípẹ̀gì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.
Yìnyín dí ẹnu ọ̀nà, ṣọ́bìrì la fi là á.
Àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n wú bí ìrọ̀rí,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n, imú wọn ń dà.
Ọmọ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún:
kí n tó bọ́ bàtà ẹni ìkẹjọ
ẹni àkọ́kọ́ ti ń jó ijó ìtọ̀.

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi
pẹ̀lú kùkùté pẹ́ńsù.
Sigrid, ọ̀gá wa, ló fún mi lọ́jọ́ tí mo dé.
Ó ní, “Kọ ohun tí o rí. Má kọ ohun tí o rò.”
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú ní Ìkirè;
ọmọ tí mo bá ti fojú bà, mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Mo kọ ọ́ pé:
“Danílò: ọ̀lẹ. Kò fẹ́ mú pẹ́ńsù. Olóríkunkun.”
Sigrid kà á. Kò bínú.
“Ọ̀lẹ dà? Ibo ló jókòó sí? Aṣọ wo ló wọ̀?”
Mo wá èsì, mi ò rí.

Nígbà tiwa, ọ̀gá iléèwé ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá,
kí n fi kan etí òsì.
Ọwọ́ mi ò dé e. Ó ní kí n lọ sílé lọ dàgbà.
Ìyá mi sunkún délé; èmi ń jẹ máńgòrò ní tèmi.
Lọ́dún kejì ọwọ́ kan etí, wọ́n gbà mí wọlé.
Kò tún sẹ́ni tó wò bí mo ti dàgbà tó mọ́ láti ọjọ́ náà,
àfi pàṣán.

Mo wá jókòó sórí àga tí kò ga ju ojúgun lọ,
mo wo ọmọ yìí bí ẹni ń wo ìkòkò ẹ̀wà,
mi ò ṣí i, mi ò koná mọ́ ọn.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ síbi bàtà.
Ó to ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní méjì méjì,
ńlá síwájú, kékeré sẹ́yìn.
Ó ku ẹsẹ̀ kan.
Ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
ó rí i lẹ́sẹ̀ Tala tó gbàgbé láti bọ́ ọ.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fà á, ó fà á, bàtà yọ,
àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn, ẹ̀rín sọ.

Ọwọ́ òsì ló fi fà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ki pẹ́ńsù bọ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fa ilà gba orí “ọ̀lẹ”.
Mo gbé amọ̀ sórí tábìlì, mo kó pẹ́ńsù kúrò ná,
mo sún àga rẹ̀ sí ìkángun
kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà máa gún Yonas,
mo wá sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì, mo rí i nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀.
Bàtà la fi ń kọ́ òǹkà báyìí.

Lánàá, fúnra rẹ̀ ló lọ mú pẹ́ńsù búlúù.
Ó ya ilé kan, fèrèsé mẹ́rin,
ajá tó ga ju ilẹ̀kùn lọ.
“Ilé ta nìyí?”
“Ti bàbá mi.”
“Níbo ló wà?”
Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé,
kọjá ọkọ̀ tí yìnyín bò, kọjá odò tó ti dì gbagidi.

A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ó dé góńgó ahọ́n mi. Mo gbé e mì.
Mo wo aago, mo kọ ọ́:

“Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Danílò.
Ó fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀.
Ọwọ́ náà ò gbọ̀n.”