Ẹyọ Kan Tó Ṣẹ́kù

Ní Ferrara, kùrukùru ti gbé òpópónà mì,
iná ilé oúnjẹ Nives nìkan ló ń ṣẹ́jú.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Oreste ti dé,
ó fi fìlà kọ́ ẹ̀yìn àga,
kò wo ìwé oúnjẹ. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀?

Nínú ilé ìdáná, Nives ń yí igi lórí ìyẹ̀fun pípò,
títí ó fi fẹ́lẹ́ bí etí ọmọ tuntun.
Ó di elégédé sísun sínú rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ pa.
Bọ́tà ń yọ́ nínú páànù.

Ọdún méje ni Oreste ti ń jẹ pasítà yìí,
ọdún méje ló ti ń ṣẹ́ ẹyọ kan kù sínú àwo.
Nives a wo àwo tó padà, a pòṣé:
“Kí ló tún wá ṣe eléyìí?”

Lálẹ́ òní, sùúrù tán.
Ó jáde tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́,
ó dúró lé e lórí bí agbowó-òde.
“Alàgbà Oreste, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Oreste nu ẹnu.
“Ti Delma ni.
Kì í ra tirẹ̀. Àwo mi ló ti máa ń jí ọ̀kan
bí mo bá ti wo ibòmíràn.”

Nives fa àga, ó jókòó.
“Ó dáa. Ẹ wo ibòmíràn.”

Oreste kọjú sí fèrèsé, sí kùrukùru.
Ó gbọ́ tí fọ́ọ̀kì kan àwo.
Ó pẹ́ díẹ̀.
“Iyọ̀ rẹ̀ kù,” ni Nives wí.