Ilé Kan, Mítà Kan

Kò ju èékánná ọmọdé lọ.
Ó dúdú, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, àmì róbótó kan létí
kí o má baà dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ.
Sìdíkátù ní, "Ọ̀gá, ẹyọ kan yìí náà ni fún sípíkà méjì?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ayálégbé méjì ló wà níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta: ti ẹni apá òsì.
Ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje: ti ẹni apá ọ̀tún.
Ìkẹrin àti ìkẹjọ ni mítà.
Àwọn méjèèjì ló jọ ń sanwó iná.

Bí ilé tí a gbé ní Òkè Pópó nígbà kan,
ògiri pákó láàárín àwa àti Bàbá Múrítàlà.
Bí wọ́n bá wúkọ́, ìyá mi á ní "pẹ̀lẹ́ o" láì dìde lórí ẹní.
Bí àwa bá tan ayọ́ọ̀nù, gílóòbù tiwọn á ṣẹ́jú.
Àléébù ilé àjọgbé nìyẹn,
ohùn yàrá kan a máa yọ́ bọ́ sí èkejì.
Oògùn rẹ̀ ni kápásítọ̀ kékeré yìí.
Gbé e sún mọ́ ẹsẹ̀ mítà pẹ́kípẹ́kí,
bí ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà,
kí òùngbẹ ẹnì kan má baà gbẹ omi ẹ̀rọ tán.

Màmá Pẹrẹ́rà ló ni áńpù náà,
ilé olójú fèrèsé aláwọ̀ ewé ní Kámpọ̀s.
Wọ́n ní láti oṣù Ọ̀wàrà ni apá òsì ti kú.
"Ẹni tó ń dá orin ń dá a, n kò gbọ́ elégbè."
Mo rẹ òwú sínú sípírítì, mo fi nu ẹ̀yìn áísì lẹ́ẹ̀kan,
orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sí i bá òwú lọ.
Orúkọ mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀.
Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn kò tilẹ̀ fi àga sí i,
ó jó o mọ́ pákó pinpin.

Inú agolo bisikíìtì ni mo ti mú òmíràn,
mo yọ ọ́ lára ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá sílé ní Máríínà.
Yanrìn kan náà ni wọ́n fi mọ àwọn méjèèjì inú rẹ̀,
ooru tó bá mú ọ̀kan ló ń mú èkejì.

"Wáyà tó ti ẹnu padà sí etí yìí ńkọ́?"
Mo ní, ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni yóò máa pariwo.
Díẹ̀ nínú ohun tó sọ ló ń dá padà,
kó lè mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Èmi fúnra mi, wáyà tèmi ti já lápá ọ̀tún.
Jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà ló jẹ ẹ́, ọdún mọ́kànlá.
Ó kọ́kọ́ ń hó bí òróró gbígbóná, ó sì dákẹ́.
Oníbàárà kan kò mọ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń yí orí,
wọ́n a ní, Ọ̀gá Lámídì, ẹ máa ń ronú jinlẹ̀ o.

Nẹ́pà mú iná dé ní agogo mẹ́rin.
Òsì dìde. Mo ní, "Ó ti pé."
"Kò pé, Ọ̀gá. Ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀."
Ó yí kọ́ńtúróòlù tó ti gbó náà síwá, sẹ́yìn,
títí eruku inú rẹ̀ fi fẹnu sílẹ̀.
N kò sọ fún un rí.
Mo wo ibi tó dúró sí:
apá ọ̀tún mi.
Láti bí oṣù mélòó, apá ọ̀tún mi.

Màmá Pẹrẹ́rà san ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.
Mo ka mẹ́ta sọ́wọ́ Sìdíkátù.
Ó ní ti kí ni.
Mo yí orí, bí ẹni tó ń ronú.