Fún Un

Màlúù onírun gígùn mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn àgọ́ wa.
Wàrà ń kún korobá, ó ń dà sílẹ̀, ajá ń lá a.
Wàrà nínú tíì, wàrà dídì tí a sá sórí àgọ́
títí tó fi le bí òkúta,
wàrà lápá aṣọ ìyá ọkọ mi.
Èmi nìkan ni mi ò ní.

Ọjọ́ kọkànlá ọmọ mi nìyí.
Á fà, á fà, á jáwọ́, á wo ojú mi
bí oníbàárà tó bá ìsọ̀ ní títì.
Mo tẹ ọmú wò:
ẹ̀kán kan. Mo dúró. Ẹ̀kán kejì.

Galbadrakh ọkọ mi ní kí n jẹ ọ̀rá àgùntàn.
Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí n má mu omi tútù.
Obìnrin kan láti òdìkejì odò ní
àfàìmọ̀ kí n má ti bá ẹnì kan bínú nígbà tí mo lóyún.
Mo jẹ ọ̀rá. Mo gbóná omi mu.
Mo tilẹ̀ lọ bẹ ẹni tí mo bínú sí.
Ọmú ò gbẹ̀bẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Yanjmaa dé lórí alùpùpù, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.
Ó gbé ọmọ sínú àpò aṣọ, ó fi í kọ́ òṣùwọ̀n
bí ẹni fẹ́ ra irun àgùntàn.
Ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kò fọhùn.
Ó ní kí n fọ́mọ lọ́mú kí òun wò ó.
"Orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó yanu dáadáa."
Ó dúró de ọmọ títí ó fi yanu bí ẹni tó ń yán,
ó sì tì í mọ́ mi wéré.
Ti òní ò dùn mí tó ti àná.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"
Mo ní mẹ́rin. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó kún ná.
Ó yíjú sí ìyá ọkọ mi:
"Ìyá Tsermaa, màlúù tí ẹ ò fún fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?"
"Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ."
"Ta ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ọmú, ẹ̀yin ni àbí ọmọ màlúù?"
"Ọmọ ni. Bí ò bá fẹnu kàn án, ìyá rẹ̀ ò ní tú u sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà, a kàn ń gbọ́ iná ni.
Ogójì ọdún ló ti ń fún wàrà.
Ó wo àyà mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló ń jí mi.
Aago kan òru. Aago mẹ́ta. Kí ẹran tó jí.
"Fún un," ni yóò wí nínú òkùnkùn,
mi ò sì mọ èyí tó ń wí,
kí n fún ọmú ni, tàbí kí n fún ọmọ,
títí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ó pọ̀ sí i. Kò kún.
Yanjmaa ní ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́ tí mo bí i pọ̀ jù,
ó lè jẹ́ òun ló ń jà síbẹ̀,
àti pé ara ò fẹ́jọ́.
Ó gbé wàrà agolo kalẹ̀, ife kékeré kan:
ọmú kọ́kọ́, ife tẹ̀lé e.
"Kì í ṣe ti màlúù o, Ìyá. Inú ọmọ tuntun ò gbà á."
Mo sunkún nítorí ife yẹn.
Ọmọ ò sunkún ní tirẹ̀. Ó mu ún, ó sùn.

Nígbà tí òṣùwọ̀n tún dé, kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀.
Ìyá ọkọ mi mú èédú,
ó kọ ọ́ sára férémù ilẹ̀kùn,
lábẹ́ iye ọmọ màlúù ọdún yìí.