Ení, Ẹ̀ta, Ẹ̀rin, Èjì

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dúró dè kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Iná àtùpà tàímíǹ kò tó nǹkan,
oòrùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ á gbé e mì.
Mo jẹ́ kí òjìji igi kajú gùn dé ẹnu géètì,
kí gbogbo Òkè-Àdó tan jẹnẹrétọ̀ wọn,
kí n tó ní, "Oyèdòyin, wọlé, tan mọ́tò."

Dátísìn Bàámi ń kólòlò.
Ó ní bà. Ó ní bà-bà. Ó kú.
Ọdún mẹ́ta ló lò lábẹ́ tapólì,
adìyẹ yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.
Oyèdòyin tún un tan. Ó gbọ̀n rìrì, ó dúró.

Bàámi ló kọ́ wa pé ẹ́ńjìnnì kì í ka nọ́ńbà bíi ti tísà.
Ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì.
Orúkọ wa ló fi sọ àwọn púlọ́ọ̀gì:
Adéwuyì, Oyèdòyin, Ìbídùn, kó tó wá kàn mí.
"Ìwọ lèjì. Gbogbo wọn á ti ṣáná tán kó tó kàn ọ́."
Mo bínú lọ́jọ́ náà, mo ju sípánà sí ọ̀gbàrá.

Mo yọ rọ́bà afẹ́fẹ́, mo fi ìṣó dí i lẹ́nu.
Mo há àtùpà mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní.
Mo ti fi ẹfun sàmì sétí púlì lọ́sàn-án.
Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ wo nǹkan!
Púlì ń sá bí ẹni tí oyin lé,
ṣùgbọ́n nínú iná tó ń ṣẹ́jú yẹn
ẹfun dúró gbọin, ó ń wò mí.
Mẹ́wàá ló yẹ kó wà. Méjì ló wà.

Iná gbọ́dọ̀ ṣíwájú, Bàámi á ní,
má dúró kí písítìnì dókè tán kí o tó ṣáná;
bó bá dókè tán, ó ti ń sọ̀ nìyẹn.
Ọjọ́rú ni wọ́n pè mí ní Jọ́ọ̀sì pé ara rẹ̀ kò yá.
Mo ní kí n gba owó oṣù ná.
Ọjọ́ Àìkú ni mo wọ Tákíẹ̀.
Amọ̀ ti gbẹ lára ṣọ́bìrì.

Mo tú nọ́ńbà mẹ́tàlá.
Mo di dísítíríbútọ̀ mú lọ́rùn, mo yí i díẹ̀,
bí ẹni ń yí orí ọmọ tó sùn lé e lápá.
Ẹfun fò kọjá dé méjìdínlógún:
ìkánjú nìyẹn náà. Mo dá a padà.
Ó rọra ń bọ̀ bí alángbá lára ògiri.
Mẹ́wàá.

"Ṣé kí n pa á?" Oyèdòyin ké láti inú mọ́tò.
"Má pa á."

Bó pẹ́ títí, wọ́n ní, akólòlò á pe bàbá.
Ó ń pè é gaara wàyí, láìkọsẹ̀,
ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì,
ó tún pè é,
mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́.
Mo gbàgbé láti fún nọ́ńbà mẹ́tàlá padà.
Oyèdòyin ló rán mi létí.