Ọ̀pá Ìwọn Epo

Ní agogo méjì òru mo ti ọ̀pá bọ inú táǹkì,
mo fà á jáde, mo tan iná fóònù sí i.
Epo kò ju ìka mẹ́ta lọ.
Ìka mẹ́ta: wákàtí méjì àti díẹ̀,
bí ẹ̀rọ kò bá ya wèrè.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀
lẹ́yìn wọ́ọ̀dù aláboyún, níhìn-ín, ní Ẹ̀pẹ́.
Ràfíù ni bàbá mi sọ mí,
Bàbá Iná ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí.
Bí iná bá sì lọ, wọn kì í rántí Bàbá mọ́,
"Iná o! Iná o!" ni mò ń gbọ́ lójú fèrèsé.

Lánàá, rédíò mi ka bọ́jẹ́ẹ̀tì.
Bílíọ̀nù ń tẹ̀lé bílíọ̀nù
bí ọ̀wọ́ ẹja lábẹ́ omi ọ̀sà:
ojú ń rí òjìji wọn, àwọ̀n kò rí wọn kó.
Wọ́n ní ti ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà nìyí,
ti ilé ìwòsàn mẹ̀kúnnù nìyí.
Mo pàtẹ́wọ́.
Ìyàwó mi ní kí ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún.
Mo ní owó ni.
Ó ní, "Èló ló dé ọwọ́ yín?"
Mo pa rédíò.

Owó ti kúrò l'Ábújá, ó ti kúrò n'Íkẹjà,
a ò mọ ibi tó yà sí.
Àbí ó sùn sí Ìtòkín ni,
àbí ọkọ̀ rẹ̀ taku lójú ọ̀nà?
Ìwé ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé,
òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀,
bí ẹni ń ka orúkọ ọbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa.

Lálẹ́ yìí ni ọkọ̀ ojú omi gbé Mùsílíátù dé láti Ẹ̀jìnrìn.
Oṣù méje ni oyún, ọmọ kò dúró gbàṣẹ.
Kò wúwo ju ọ̀bọ̀kún kan lọ.
Ọkọ rẹ̀ kó owó jáde lápò, owó tó ń rùn ẹja yíyan,
ó kà á, ó tún un kà,
bí ẹni pé kíkà lè mú un bímọ.
Nọ́ọ̀sì Ọdúnsì kò wo owó náà.
Ó gbé ọmọ sínú àpótí onígíláàsì,
ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé:
"Bàbá Iná, ṣé yóò dé òwúrọ̀?"
N kò mọ̀ bóyá epo ló ń béèrè ni tàbí ọmọ.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo gun ọ̀kadà
lọ síbi tí àwọn onítípà ń sùn de yanrìn.
Mo kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Ṣàmúsù.
Ó bú mi, ó bọ́ sílẹ̀, kò tíì bú mi tán
tó ti fi rọ́bà sẹ́nu, tó ń fa epo láti inú ọkọ̀ tó fi ń jẹun.
Ó tu itọ́. Ó ní inú wọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n bí òun sí,
àtùpà ni wọ́n fi rí orí òun.
Mo ní n óò dá epo náà padà.
Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́.
Ẹ sọ fún ìjọba kó dá a padà."
Ó padà lọ sùn.

Ta ni n óò sọ fún?
Ẹ̀yin tí ẹ ń ka bílíọ̀nù, n kò bá yín jà,
n kò mọ̀ṣirò tó bẹ́ẹ̀.
Ẹ kàn wá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo,
ẹ bá mi ti ọ̀pá yìí bọ táǹkì,
kí ẹ fi ìka ara yín wọ̀n ọ́n.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀,
mo gbọ́ igbe kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìwọ̀.
N kò béèrè ọmọ ta ni.
Mo nu ọ̀pá,
mo gbé e kọ́ síbi tí mo máa ń gbé e kọ́.